Ta Ni A Ń Ṣàlàyé Fún? Ìdáláre Èrò Líbẹ́rà lórí Òdodo Láti Ojú Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Àpápá

Àṣamọ̀

Àríwísí kan tí a máa ń gbọ́ nípa èrò líbẹ́rà lórí òdodo ni pé Òyìnbó ló gbé e wá, àti pé kò ní gbòǹgbò nínú àṣà Yorùbá. Iṣẹ́ yìí yẹ àríwísí náà wò láti ojú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìdílé Olúwa ní ọdún 1913 títí dé orí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978. Èrò John Rawls, èrò Robert Nozick àti ìtàn àkúnlẹ̀yàn inú Ifá ni a fi ṣe òdiwọ̀n. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ìdáláre èrò líbẹ́rà kò dúró lórí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Orí ohun tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ alágbára ni ó dúró lé, èyí ni pé kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹni tí òfin rẹ̀ mú pàdánù.

Ìfáárà

Láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní ìlú Èkó, ibì kan wà tí àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́jà ń pè ní Boundary. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ààlà lọ. Lápá kan ni GRA Àpápá wà, àdúgbò tí ìjọba yà sọ́tọ̀, tí a fètò sí, tí òpópónà ibẹ̀ ń jẹ́ Liverpool, Burma, Marine àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lápá kejì ni Ajégúnlẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Urhobo, Ìlàjẹ àti Haúsá ti jọ ń gbé, tí ìdílé kan sì lè wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tòsí ibẹ̀ ni ó gúnlẹ̀ sí.

Bí ọmọ tí a bí sí apá Ajégúnlẹ̀ bá bèèrè ìdí tí ọ̀nà ilé wọn fi ń kún fún omi nígbà òjò nígbà tí ti òdìkejì ní gọ́tà, ìdáhùn mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Èkíní ni pé ìka ò dọ́gba. Èkejì ni pé ohun tí orí yàn ni. Ẹ̀kẹta ni pé ìjọba ló mọ ohun tí ó rí kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ìdáláre ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí pé ṣe ni wọ́n ń gbìyànjú láti fi hàn pé bí nǹkan ṣe rí ni ó yẹ kí ó rí. Èrò líbẹ́rà lórí òdodo bẹ̀rẹ̀ níbi tí ènìyàn bá ti sọ pé àwọn ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó.

Ohun tí Èrò Líbẹ́rà ń Bèèrè

Nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa òṣèlú, èrò líbẹ́rà kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, kò sì túmọ̀ sí kí oníkálukú máa ṣe bí ó ti wù ú. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹ̀tọ́ kan tí ọba, ìjọba tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀, sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, sí ẹ̀sìn rẹ̀, sí ohun ìní rẹ̀, àti sí ìgbẹ́jọ́ níwájú adájọ́ tí kò ṣègbè. Ó tún ń sọ pé agbára ìjọba kò tọ́ àfi bí a bá lè dá a láre lójú àwọn tí a ń lò ó lé lórí. Yorùbá ti mọ apá kan nínú èyí tipẹ́, nítorí wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹni tí ó gbé èrò yìí kalẹ̀ lọ́nà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ọ̀rúndún ogún ni John Rawls, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, nínú ìwé rẹ̀ A Theory of Justice (1971). Rawls ní kí a fi ojú inú wo àwọn ènìyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe òfin tí wọn yóò jọ máa gbé lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a ti ta aṣọ sí wọn lójú. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá akọ tàbí abo ni òun, bóyá olówó tàbí òtòṣì, bóyá orí rẹ̀ pé tàbí kò pé, bóyá Mùsùlùmí ni tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè ṣe òfin tí yóò gbè sẹ́yìn ara rẹ̀, òfin tí wọ́n bá fẹnu kò sí yóò jẹ́ òfin òdodo. Ní ti Rawls, ohun méjì ni wọn yóò yàn. Wọn yóò fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira kan náà. Wọn yóò sì gbà kí ìyàtọ̀ wà nínú ọrọ̀ àti ipò, bí àyè àtidé ipò bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní tòótọ́, tí ìyàtọ̀ náà bá sì ṣe ẹni tí ó kéré jù láǹfààní.

Nígbà tí ó di ọdún 1993, nínú Political Liberalism, Rawls yí ìpìlẹ̀ ìdáláre rẹ̀ padà díẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé nínú àwùjọ tí òmìnira bá wà, àwọn ènìyàn kò ní gba ẹ̀sìn kan tàbí ìmọ̀ kan gbọ́. Nítorí náà òfin òdodo kò gbọdọ̀ dúró lórí ẹ̀sìn ẹnì kan. Oníkálukú ni yóò wá ìdí tirẹ̀ nínú ohun tí ó gbàgbọ́ tí yóò fi gba òfin náà. Àbá yìí kò lè ṣàjèjì sí ará Èkó, níbi tí àbúrò ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tí ẹ̀gbọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń jókòó nínú ìpàdé ẹbí kan náà láti pín ilé bàbá wọn.

Ọwọ́ Tí Kò Mọ́

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a dojú kọ àtakò tí ó lágbára jù lọ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ èrò líbẹ́rà di ìlú mọ̀ọ́ká kò fi gbogbo ọkàn lò ó fún ènìyàn dúdú. John Locke, tí ó kọ̀wé pé kò sí ẹni tí a bí sábẹ́ ẹlòmíràn, ní ìpín nínú Royal African Company, ilé-iṣẹ́ tí ó ń kó ẹrú láti etíkun Áfíríkà. John Stuart Mill, nínú ìwé rẹ̀ On Liberty (1859), sọ ní gbangba pé ẹ̀kọ́ òmìnira tí òun ń kọ́ni kò kan àwọn ènìyàn tí òun kà sí aláìlajú. Ó ní a lè fi ipá ṣàkóso wọn fún ire ara wọn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìwé náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ni Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tí ó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn wà lórí ọ̀sà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e fi ara jọ ọ̀rọ̀ Mill. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin tí ó pín ìgbèríko ìlú sí ti aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú. Láti inú àṣà yìí ni àdúgbò ìyàsọ́tọ̀ tí a wá ń pè ní GRA ti jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé aṣọ ẹ̀tàn ni èrò líbẹ́rà jẹ́ fún amúnisìn, ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà.

Olúfẹ́mi Táíwò, nínú ìwé rẹ̀ How Colonialism Preempted Modernity in Africa (2010), fèsì sí èyí lọ́nà tí ó yẹ kí a fọkàn sí. Ó ní àwọn ọmọ Áfíríkà kan ti gba èrò òmìnira àti ẹ̀tọ́ mọ́ra ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ti ń gbìyànjú láti fi kọ́ àwùjọ tuntun, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ amúnisìn ni wọ́n dí wọn lọ́nà. Lójú Táíwò, ohun tí ìjọba amúnisìn ṣẹ̀ ni pé ó fi èrò náà dù wá. Bóyá a gbà pẹ̀lú rẹ̀ délẹ̀ tàbí a kò gbà, ẹjọ́ kan wà lórí ilẹ̀ Àpápá gan-an tí ó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó

Ìdílé Olúwa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè aláde funfun tí ó ni ilẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn lo òfin gbígba ilẹ̀ fún ìlò gbogbogbò tí wọ́n ṣe ní ọdún 1903 láti gba nǹkan bí 255 éékà ilẹ̀ ní Àpápá. Àmọ́dù Tìjání, tí ó wà lórí oyè Olúwa nígbà náà, béèrè owó ilẹ̀ náà. Ìjọba kò sọ pé àwọn kò ní san ohunkóhun. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Olúwa kì í ṣe onílẹ̀. Pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ju ti alábòójútó lọ, tí ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń gbé orí ilẹ̀, àti pé ìwọ̀nba ohun tí alábòójútó pàdánù ni kí a san fún un. Adájọ́ àgbà ní Èkó gba ohun tí ìjọba sọ, ilé-ẹjọ́ tí Olúwa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí níbẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Olúwa gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London. Ní ọdún 1920 ni òun fúnra rẹ̀ rìnrìn-àjò lọ sí ìlú ọba, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ ni Macaulay mú dání, ìyẹn sì dá wàhálà mìíràn sílẹ̀ tí a óò mẹ́nu bà láìpẹ́. Ní ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́. Ìgbìmọ̀ náà dá Olúwa láre. Wọ́n ní ìwé tí Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀ ní 1861 kò gba ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo bí Yorùbá ṣe ń ni ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ níhìn-ín jẹ́ ti àwùjọ tàbí ti ẹbí. Nítorí náà, owó ilẹ̀ tòótọ́ ni kí ìjọba san fún Olúwa, kí a sì pín in fún àwọn tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn. £22,500 ni owó tí ìjọba wá san.

Ohun kan wà nínú ẹjọ́ yìí tí ó yẹ kí onímọ̀ òṣèlú fi ara balẹ̀ wò. Olúwa kò lọ sí London láti sọ pé òun tóbi ju ìjọba lọ, kò sì sọ pé kí wọ́n má ṣe kọ́ èbúté. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ìjọba sọ ìdí tí ohun tí ó jẹ́ ti àwọn òun fi di tirẹ̀ láìsan owó rẹ̀, kí ó sì sọ ìdí náà níwájú ẹlòmíràn tí kì í ṣe ìjọba. Ìjọba tí kò fẹ́ dáhùn ni ó ní agbára. Ẹni tí ó fi èrò líbẹ́rà béèrè ni aláìlágbára. Bí a bá ń wá ibi tí èrò náà ti di ti Yorùbá, ibi tí ẹni tí ó nílò rẹ̀ ti gbé e lé èjìká ni kí a wò.

Ẹjọ́ kejì fi ìdí èyí múlẹ̀ sí i. Nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀pá àṣẹ ọjọ́sí, ìjọba ní kí Ẹlẹ́kọ sọ ní gbangba pé òun kò mọ̀ sí ohun tí Macaulay sọ ní London. Nígbà tí kò ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n kọ̀ láti kà á sí ọba mọ́, wọ́n sì lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1925. Òun náà gbé ẹjọ́ lọ sí Privy Council. Ní ọdún 1931, Lord Atkin sọ ọ́ di òfin pé aláṣẹ ìjọba kankan kò lè fi ọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ọmọ ìlú àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú ilé-ẹjọ́ pé òfin fún òun láṣẹ. Ọdún yẹn kan náà ni Ẹlẹ́kọ padà sí Èkó.

Àwọn kan lè sọ pé adájọ́ Òyìnbó ló ṣoore. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú rere ni Olúwa àti Ẹlẹ́kọ lọ tọrọ.

Ìka Ò Dọ́gba

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí àwọn àgbà fún ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní alágbàwí rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ líbẹ́rà pàápàá. Robert Nozick, akẹgbẹ́ Rawls ní Harvard, kọ ìwé Anarchy, State, and Utopia ní ọdún 1974 láti fi ta kò ó. Ó ní kò sí ohun tí ó burú nínú pé ìka ò dọ́gba. Bí ènìyàn bá gba ohun ìní rẹ̀ lọ́nà tí ó tọ́, tí ẹni tí ó fi fún un náà sì gbà á lọ́nà tí ó tọ́, tirẹ̀ ni, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ti agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ará Amẹ́ríkà kan tí àwọn òǹwòran ń fi ìfẹ́ san sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún kí wọ́n lè wò ó. Bí ó bá wá di olówó ńlá, ta ni ó jẹ lólè?

Kò ṣòro láti mú àpẹẹrẹ yìí wá sílé. Ajégúnlẹ̀ ni a ti bí Odion Ighalo, ẹni tí bọ́ọ̀lù gbé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì gbá a fún Manchester United. Pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀ jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Kò sí olóye tí yóò sọ pé kí a gba owó Ighalo lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó lè ní òdodo. Títí dé ibí yìí, Nozick jàre.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí Ighalo láti fi hàn pé ẹni tó bá tiraka ní Ajégúnlẹ̀ yóò là, ohun kan ni wọn kì í sọ: pé iye ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan náà, tí wọ́n sì tiraka bí i tirẹ̀, kò lóǹkà. Yàtọ̀ sí èyí, àríyànjiyàn Nozick dúró pátápátá lórí ọ̀rọ̀ kan, èyí ni pé kí a gba ohun ìní lọ́nà tí ó tọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nozick fúnra rẹ̀ gbà pé níbi tí ìwà àìtọ́ bá ti wọ inú ìtàn bí a ṣe gba nǹkan, a gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe. Ilẹ̀ tí GRA àti èbúté Àpápá wà lórí rẹ̀ kò gba ọ̀nà ìfẹ́ dé ọwọ́ ìjọba. Ọdún mẹ́jọ ni ó gba Olúwa kí a tó gbà pé ó ní ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi Nozick dá ààlà Boundary láre ní láti kọ́kọ́ ka ìtàn ilẹ̀ náà, ìtàn náà kò sì ní gbè é.

Ní Ilé Àjàlá

Ìdáhùn kejì, èyí tí ó ní orí ni ó yàn án, jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ìtàn Ifá tí Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀ nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá (1968), ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orísẹ̀ẹ́kú, Orílẹ̀ẹ́mèrè àti Afùwàpẹ́, ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sáyé. Wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí, tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, tí kì í sì í sun gbogbo orí tí ó bá mọ jinná. Orí tí ó dára àti èyí tí kò dára jọ wà nílẹ̀, ojú lásán kò sì lè dá wọn mọ̀. Àwọn méjì yan orí tí òjò bẹ́ lulẹ̀ kí wọ́n tó dé ayé. Afùwàpẹ́ yan èyí tí ó dára.

Ẹni tí ó bá ti ka Rawls yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìtàn yìí jọ ti aṣọ tí a ta sójú. Níbi méjèèjì, ènìyàn dúró ṣáájú ayé tirẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò bá. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀ ṣá, òun sì ni kókó ọ̀rọ̀ apá yìí. Nílé Àjàlá, orí ni wọ́n ń yàn. Lọ́dọ̀ Rawls, òfin ni wọ́n ń yàn. Bí a bá fi ìtàn Ifá nìkan dáhùn, ẹni tí ó yan orí tí kò jinná ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lẹ́nu ọ̀nà Àjàlá kí wọ́n tó wọlé, tí wọ́n mọ̀ pé orí tí kò jinná pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì bi ara wọn léèrè irú ayé tí wọ́n fẹ́ kí ó wà fún ẹni tí orí rẹ̀ bá já sí àìdára, kí ni wọn yóò sọ? Kò dájú pé wọn yóò ní kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Kúlẹ̀kúlẹ̀ kan tún wà nínú ìtàn náà. Afùwàpẹ́ kò fi ọgbọ́n ara rẹ̀ nìkan yege. Ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Ọ̀rúnmìlà; wọ́n dífá fún un, wọ́n sì ní kí ó mú iyọ̀ àti owó lọ́wọ́, èyí tí ó wá wúlò fún un lójú ọ̀nà àti fún gbèsè Àjàlá. Àjàlá fúnra rẹ̀ ni ó wá bá a yan orí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ mọ ọ̀nà ni ó rí orí rere. Ìtàn náà ń yin ìgbọ́ràn àti ẹbọ, kò sì tọ́ kí a fi ipá sọ ọ́ di ìwé òṣèlú. Síbẹ̀, ó jẹ́ kí a rí i pé àwọn àgbà tí ó pa á mọ́ fojú sí ipa tí ilé tí a ti bí ènìyàn ń kó nínú ohun tí a ń pè ní àyànmọ́. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni a lè kà sí ìgbìyànjú tí ó tóbi jù láti fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní iyọ̀ ní iyọ̀ tirẹ̀.

Àpápá tilẹ̀ ti fi hàn pé aṣọ ojú Rawls kì í ṣe àlá lásán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá láàárín ọdún 2010 sí 2021, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí èbúté àti àwọn ọkọ̀ epo tò sí gbogbo òpópónà Àpápá ní ọ̀sán àti òru, títí ọ̀pọ̀ ará GRA fi kó kúrò nílé wọn. Owó tí èbúté ń pa lọ sí àpò ìjọba àpapọ̀. Ariwo, èéfín àti ọ̀nà tí ó bàjẹ́ dúró sí Àpápá. Ẹni tí ó ti rò pé apá tí ó dára ní Boundary ni òun wà wá rí i pé òun náà lè jẹ́ ẹni tí ó ń béèrè àlàyé. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni àjọ tó ń bójú tó àwọn èbúté, NPA, gbé ìlànà orí ẹ̀rọ kan jáde tí yóò máa pe àwọn ọkọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n fún un: Ètò.

Ẹnì Kọ̀ọ̀kan Nínú Ẹbí

Àtakò kan ṣẹ́kù láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ Áfíríkà. Ifeanyi Menkiti ní lójú ọmọ Áfíríkà, àwùjọ ni ó ń sọ ènìyàn di ènìyàn, nítorí náà kò tọ́ kí a bẹ̀rẹ̀ òdodo láti orí ẹnì kan ṣoṣo. Michael Sandel ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí ó fara pẹ́ ẹ nípa Rawls ní ọdún 1982: pé kò sí ẹni tí ó lè bọ́ ẹbí, ìlú àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀wù kí ó tó yan òfin. Ẹjọ́ Olúwa fẹ́ gbè wọ́n, nítorí orúkọ àwùjọ ni Olúwa fi jàre. Ẹlẹ́sìí ti Òdogbolú ti ṣàlàyé èyí fún ìgbìmọ̀ ìwádìí lórí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1912, pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ńlá kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àìlóǹkà wọn kò sì tíì dáyé.

Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ibi tí Privy Council ti parí iṣẹ́ ni ìbéèrè tuntun ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní kí a pín owó náà fún àwùjọ, ta ni àwùjọ? Ṣé ọmọbìnrin tí ó ti lọ sílé ọkọ wà nínú rẹ̀? Àlejò tí ó ti ń dáko níbẹ̀ láti ìgbà bàbá rẹ̀, tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́? Bí olórí ẹbí bá ná owó náà tán, ta ni yóò bi í? Ẹni tí ó mọ ìtàn ìjà ilẹ̀ láàárín àwọn ẹbí ní Èkó mọ̀ pé ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àròsọ. Kwame Gyekye, ọmọ Gánà, rí èyí nígbà tí ó sọ pé àwùjọ àti ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti jọ wà, kí ọ̀kan má gbé èkejì mì. Yorùbá fúnra wọn ní bí a ṣe bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ẹni tí ó pa òwe náà kò bọ́ àwùjọ sílẹ̀ kí ó tó pa á. Láti àárín ilé tí ẹrú àti ọmọ jọ ń gbé ni ó ti sọ ọ́, ìwọ̀fà àti ẹrú ni ó sì sọ ọ́ fún láǹfààní.

Òfin Ìlò Ilẹ̀

Ìdáhùn kẹta, pé ìjọba ló mọ̀, ni ó ti gba ipò òfin jù lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ète rẹ̀ ṣeé gbèjà lójú Rawls: kí àwọn díẹ̀ má baà kó ilẹ̀ jọ, kí tálákà lè rí ilẹ̀ kọ́lé. Ṣùgbọ́n bí a bá ka abala rẹ̀, a óò rí ohun mìíràn. Gómìnà lè gba ilẹ̀ padà fún ìlò gbogbogbò. Lábẹ́ abala 29, ilé, ẹ̀rọ àti irè tí ó wà lórí ilẹ̀ ni a óò san owó fún. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju iye owó ilẹ̀ tí a san ní ọdún tí a gbà á lọ. Abala 47 sì ní kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó láṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó tí a san tó tàbí kò tó.

Bí a bá gbé èyí ka ẹ̀gbẹ́ ẹjọ́ ọdún 1921, ohun tí ó yọ jáde le. Ìbéèrè tí Olúwa gbé lọ sí London, pé ṣé owó tí ìjọba fẹ́ san tó, ni abala 47 kọ̀ kí a béèrè. Ìjọba amúnisìn pàdánù níwájú adájọ́; ìjọba ọmọ Nàìjíríà ti ìlẹ̀kùn kóòtù.

Ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dá láre hàn ní ìlú Màrókò, ní òdìkejì Èkó, ní oṣù Keje ọdún 1990. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki kéde pé kí àwọn ará ibẹ̀ kó jáde láàárín ọjọ́ méje, ó sì wó ìlú náà palẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù náà. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a ń sọ pé wọ́n ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ tí ó tẹ́ lórí ọ̀sà, tí wọ́n ní ó léwu fún òtòṣì láti máa gbé, ni ó wá di àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀. Bí a bá fi ìlànà Rawls wọ̀n ọ́n, ìyàtọ̀ tí ó bí àdúgbò tuntun náà kò ṣe ẹni tí ó kéré jù ní oore kankan; òun gan-an ni a lé lọ. Bí a bá fi ti Nozick wọ̀n ọ́n, ohun ìní wọn kúrò lọ́wọ́ wọn láìsí ìfẹ́ wọn. Àwọn onímọ̀ méjèèjì tí wọn kò fẹnu kò lórí ohun púpọ̀ yóò dá ẹjọ́ yìí bákan náà.

Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, nínú abala 44, sọ pé kí ìjọba má gba dúkìá ẹnikẹ́ni láìsan owó rẹ̀ kíákíá àti láìjẹ́ kí onítọ̀hún lè gba ilé-ẹjọ́ lọ. Òfin Ìpìlẹ̀ kan náà, nínú abala 315, gba Òfin Ìlò Ilẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì fi kún un pé bí a ṣe ń tún Òfin Ìpìlẹ̀ ṣe ni a óò fi tún òun náà ṣe. Èyí túmọ̀ sí pé kí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Abuja tó fọwọ́ sí i, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlélógún tún gbà á wọlé, kí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ tó lè bi adájọ́ léèrè, bí Olúwa ṣe bi í, pé ṣé owó yìí tó.